Ká mọ bàbá òǹkọ̀wé ká tó ka ìwé ẹ̀, àbí ká ka ìwé ẹ̀ ká tó mọ bàbá ẹ̀?

Ní Àjàṣẹ́ níbí, èmi àti àǹtí mi la jọ ka ìwé ẹ̀rù tí Joe Hill kọ ní 2007, àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ẹ̀, olórin àgbà kan ló ra kóòtù òkú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òkú wá tẹ̀lé aṣọ ẹ̀ wálé. Àǹtí ti mọ̀ pé ọmọ Stephen King, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ìwé ẹ̀rù, ni, èmi ò mọ̀.

Bàbá ni àǹtí ń wá kiri nínú ìwé ọmọ, "ibí yìí, bàbá ẹ̀ ì bá ṣe é dáa jù," kò tiẹ̀ ráyè bẹ̀rù. Èmi ńkọ́? Iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kà á, mo dé ibi tí òkú yẹn, bàbá arúgbó kan, jókòó sórí àga tí nǹkan dúdú bo ojú ẹ̀, ni mo bá dìde lọ ká agbádá bàbá mi àgbà kúrò lórí ìṣó (ilé eégún la ti bí mi o, a kì í fi aṣọ òkú ṣeré).

Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló fi orúkọ bàbá pamọ́, bí èmi ṣe kà á láìmọ bàbá ẹ̀ ló máa wù ú jù. Ṣùgbọ́n àǹtí ló rí i pé ọmọ ò fa ọ̀rọ̀ gùn bíi bàbá, ìyẹn fò mí.