Ìrànwọ́ ìjọba lẹ́yìn omíyalé ní Ìkòròdú: ó wúlò, àmọ́ àkọsílẹ̀ lẹ fi ń gbà á

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ibi tó dáa jù níbẹ̀ ni nọ́ńbà 767 àti 112 ti LASEMA, àjọ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Èkó: kò gba kọ́bọ̀ lórí fóònù, tọ̀sán-tòru ló sì ń ṣiṣẹ́. Bí omi bá wọlé tàbí tí ìjì ká òrùlé lọ, ẹ pè é lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí kò bá sẹ́ni tó nílò ìdóòlà. Ìpè yẹn ló ń di ẹ̀rí pé nǹkan ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yín. Àdúgbò tó dákẹ́, tó wá ń kọ lẹ́tà sí káńsù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àlàyé ló máa ṣe títí.

Ẹ má retí owó. Ẹrù ló sábà ń jáde, ìbáà jẹ́ látọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ tàbí NEMA, àjọ pàjáwìrì ti ìjọba àpapọ̀: ìrẹsì, ẹ̀wà, fóòmù, bùláńkẹ́ẹ̀tì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, nígbà mìíràn páànù, ìṣó àti sìmẹ́ńtì. Páànù ni kí ẹ ṣírò dáadáa. Ogún ló wà nínú ìdì kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8, tí wọ́n sì gorí ara wọn bó ṣe yẹ, bí ẹsẹ̀ bàtà 2 ló kù ní ìbú rẹ̀. Agbára káká ni yóò fi bo yàrá méjì. Pákó àti owó kápẹ́ńtà, àpò yín ni.

Àkọsílẹ̀ tí kò péye ló ń dí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ẹ má fọ ògiri kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ fa téèpù kápẹ́ńtà láti ilẹ̀ dé ilà ẹrẹ̀ tí omi fi sára ògiri, ẹ yà á nítòsí kí nọ́ńbà téèpù hàn, kí ẹ tún bọ́ síta ya ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú nọ́ńbà ilé. Nínú lẹ́tà, “gbogbo dúkìá mi ló bàjẹ́” kò wúlò fẹ́nì kan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: fóòmù méjì, firíìjì kan, àpò gàrí mẹ́ta. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ní káńsù mọ́ èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín.

Ayálégbé àti onílé, kí kálukú kọ orúkọ tirẹ̀. Òrùlé àti ògiri jẹ́ ti onílé, ẹrù inú yàrá jẹ́ ti ayálégbé. Níbi tí wọ́n bá ti kọ orúkọ onílé nìkan, fóòmù á lọ bá ẹni tí ń gbé Sùúrùlérè, ẹni tómi lé jáde á ṣì wà lórí ẹní ní mọ́sáláṣí.

Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Bí NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín, bá ní “Rasheed”, tí ìwé CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) wá ní “Ràṣídì”, ìyẹn nìkan tó láti dá yín dúró lẹ́nu tábìlì. Ẹ sì mọ káńsù yín: yàtọ̀ sí káńsù Ìkòròdú gangan, LCDA (káńsù ìdàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀) márùn-ún ló tún wà. Ará Bàyékú tó gbé lẹ́tà lọ sí Ìkòròdú ti ṣìnà, Ìgbógbó-Bàyékú ni tirẹ̀.

Fún àwọn ará Májídun, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òjijì. Bí wọ́n bá ṣí omi dáàmù Ọ̀yán, odò Ògùn ló ń gbé e bọ̀, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló sì máa ń le jù. Ẹ ti ya fọ́tò ilé sílẹ̀ nígbà tó ṣì gbẹ. Fọ́tò méjèèjì pọ̀, ti ìgbà tó gbẹ àti ti ẹ̀yìn omíyalé, ló ń pa ẹnu oníyèméjì mọ́.

Fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ kì í ṣe títà. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó fọ́ọ̀mù wá, tàbí tó fi líǹkì ránṣẹ́ tó ń béèrè OTP (nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù), gbájúẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ pínpín, wọ́n á fẹ́ kẹ́ ẹ tètè buwọ́ lùwé torí èrò pọ̀ lẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ ka páànù, ẹ tú àpò ìrẹsì wò bóyá omi ti wọ̀ ọ́, kí ẹ tó gba bírò.