Ọdún mẹ́ta pẹ̀lú VSC nínú píkáàpù tí mo fi ń kó kòkó

Kòkó ni mò ń rà. Láti Àkúrẹ́ ni mo ti ń gbéra, mo máa ń wọ àwọn oko lẹ́yìn Ìdànrè, mo sì ń kó ohun tí mo bá rà wálé. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń fi Toyota Tacoma tòkúnbọ̀ kan, módẹ́ẹ̀lì 2012, ṣe iṣẹ́ yìí, èmi fúnra mi ni mo sì ń wà á. Àwọn tó ń bi mí nípa ọkọ̀ yìí, bó ṣe ń mu epo sí ni wọ́n máa ń bi mí. Kò tíì sí ẹni tó béèrè bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ VSC OFF sí. Bẹ́ẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ VSC, ẹ̀rọ tí bọ́tìnnì yẹn ń ṣàkóso, tó máa ń dá ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà tó bá fẹ́ yọ̀, ni mo fi wà níbí tí mò ń kọ̀wé.

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, mò ń ti Iléṣà bọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú, òjò wínníwínní ń rọ̀. Irú òjò yẹn kì í fọ títì. Ńṣe ló máa ń po epo mọ́ erùpẹ̀ ojú ọ̀nà. Mo ti já ẹrù, ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo. Bí mo ṣe kọjá Ọ̀wẹ̀nà, níbi kọ́nà kan, ọlọ́kadà kan já láti inú igbó lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo fa sítíárìn sósì. Ìdí ọkọ̀ bá fò sọ́tùn-ún, bí ìgbà tí ẹnìkan tì í. Mo gbọ́ gìrìrìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, dáṣíbọ́ọ̀dù ń ké pí-pí-pí, iná kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ya ọkọ̀ tó ń yọ̀ ń ṣẹ́jú. Mo mọ̀ ọ́n lára pé táyà iwájú ọ̀tún nìkan ni bíréèkì dì mú. Imú ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà, ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kò tó ìgbà tí èèyàn á fi pe “Jésù” lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ iṣẹ́ mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, “Màmá, kí lẹ ṣe?”

Mo ní, “N kò ṣe nǹkan kan.” Òótọ́ ni mo sọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le yé èèyàn. Sẹ́ńsọ̀ wà lára táyà kọ̀ọ̀kan tó ń ka bó ṣe ń yí. Òmíràn ń wo ibi tí mo yí sítíárìn sí, òmíràn sì ń wo bí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ń yí. Tí ibi tí mo dorí kọ àti ibi tí ọkọ̀ ń lọ kò bá bára mu, kọ̀ǹpútà á ti inú ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há tí a bá tẹ bíréèkì, di bíréèkì táyà kan ṣoṣo, á sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹsẹ̀ tèmi ń dì pọ̀. Èmi kò lè mú ọ̀kan nínú wọn.

Ọkọ̀ ńlá àwọn olówó ni Mercedes-Benz àti Bosch kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sí, ní 1995. Lójú tèmi, píkáàpù ló nílò rẹ̀ jù. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣófo, iwájú ni ìwúwo ẹ́ńjìnnì wà, sípíríìnì ẹ̀yìn tí wọ́n ṣe fún ẹrù á sì le gan-an, ìdí ọkọ̀ á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Ẹni tó bá ti wa píkáàpù òfìfo nínú òjò mọ ohun tí mò ń wí. Láti módẹ́ẹ̀lì 2009 ni Toyota ti ń fi VSC sí gbogbo Tacoma.

Àmọ́ ẹ̀rọ kan náà ló fi ojú mi rí màbo nínú ẹrẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé nínú oko, táyà ẹ̀yìn méjèèjì rì sínú pòtòpótò. Mo tẹ tọ́rọ́tù dé ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì kàn ń kùn ni, kò gbé agbára wá. Àwọn àgbẹ̀ tó wá bá mi tì í ní, “Ìyá Oníkòkó, ọkọ̀ yín ti kú o.” Kò kú. TRAC, ìkejì VSC, ló rí i pé táyà ń yí lásán, ló bá fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Lórí títì, ohun tó yẹ kó ṣe nìyẹn. Nínú ẹrẹ̀, ó yẹ kí táyà yí kó lè gbo ẹrẹ̀ ara rẹ̀ dànù. Mo tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kan fẹ́ẹ́, táyà yí, ẹrẹ̀ fọ́n sí gbogbo wa lára, a jáde. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 3 nígbà tí ọkọ̀ dúró, VSC fúnra rẹ̀ á kú. N kì í ṣe ìyẹn àyàfi nínú oko. Mo sì máa ń rí i dájú pé mo tàn án padà kí n tó bọ́ sórí ọ̀dà.

Tí mo bá wọ 4L, gíà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára, tí mo tan A-TRAC, ọ̀rọ̀ á tún yàtọ̀. Táyà tó bá fẹsẹ̀ sókè ló máa di bíréèkì fún, kí agbára lè lọ sí èyí tó tẹlẹ̀. Òkè kan wà lọ́nà oko tí kòtò wà lójú ọ̀nà rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà mìíràn táyà kan á wà lófuurufú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé tọ́rọ́tù jẹ́jẹ́, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Á máa ké gàràgàrà bí ìgbà tí wọ́n ń fá irin, á sì máa gun òkè náà díẹ̀díẹ̀. Bíréèkì á gbóná, nítorí náà mo máa ń sinmi lókè.

Táyà tó ti dán kò ní di títì mú nítorí pé VSC wà. Ẹrù àpọ̀jù náà ńkọ́? Àpò kòkó 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Mẹ́jọ ni mo ń kó. Mo rí àwọn tó ń kó 16 sórí irú ọkọ̀ yìí, ẹ̀rù wọn ń bà mí.

VSC tún ní ẹ̀tanú sí táyà tí kò dọ́gba. Fọgánáísà kan fi táyà tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn fún mi, iná VSC tàn, kò kú fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ti ń múra àtira sẹ́ńsọ̀. Ìgbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba ló kú.

Ohun tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí iná kankan lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, lóòótọ́ n kò rí ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ríwáyà mi tú dáṣíbọ́ọ̀dù nítorí nǹkan mìíràn, ó pè mí wá wò ó: téèpù dúdú ni wọ́n lẹ̀ bo iná ABS àti ti VSC. Wáyà sẹ́ńsọ̀ táyà ẹ̀yìn òsì ti já. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, nínú òjò, ni mo fi wa ọkọ̀ tí kò ní ohun tí mo sanwó rẹ̀. Ládìípọ̀ la ti rí sẹ́ńsọ̀, ríwáyà fi ẹ̀rọ tó fi ń ka àṣìṣe ọkọ̀ pa àṣìṣe rẹ̀ rẹ́.

Láti módẹ́ẹ̀lì 2012, òfin Amẹ́ríkà ni pé gbogbo ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kò ju 4,536 kg lọ gbọ́dọ̀ ní irú ẹ̀rọ yìí. Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra píkáàpù tòkúnbọ̀ láti ibẹ̀, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìta ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ máa wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná ABS àti ti ọkọ̀ tó ń yọ̀ gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Tí wọn kò bá tàn rárá, ẹ bi ẹni tó ń tà á ohun tó fi bò ó.