ThinkPad T480 tòkunbọ̀: òun ló yẹ ká rà fún ẹ̀ka kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin tí ẹ gboyè jáde ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà n'Ífẹ̀, tí ẹ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn àbúrò wa, T480 ni kí ẹ lọ wá. Ó ti jáde láti 2018, síbẹ̀ Windows 11 ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀.

Bátìrì méjì ló ní: ọ̀kan wà nínú, ìkejì ṣeé yọ. Bí iná bá lọ, tí èyí tó ṣeé yọ bá tán, ẹ fà á yọ, kí ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́. Bí ti inú bá ṣì ní iná, kọ̀ǹpútà ò ní kú. Ẹni tó ń gbé Ilé-Ifẹ̀ mọ iyì èyí dáadáa.

Ààyè RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) méjì ló ní. 8GB ò tó ẹni tó ń lo Android Studio, ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe áàpù fóònù. Ẹ fi 8GB míì kún un.

Ihò USB-C tó ń gba iná ló máa ń yọnu jù. Firmware Thunderbolt àtijọ́ (ètò kékeré tó ń darí ihò náà) ló ń fà á. Lenovo tó ṣe ThinkPad ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde, ẹ fi sí i lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á gan-an.

Kí ẹ tó sanwó ní Lágere, ẹ tẹ F1 bó ṣe ń tàn, kí BIOS (ojú ìwé ètò inú ẹ̀) lè ṣí. Bó bá béèrè password, ẹnìkan ti tì í pa, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt. Ẹ ṣí ìròyìn bátìrì tó bá gbé jáde. Bí FULL CHARGE CAPACITY (iná tó lè gbà báyìí) ò bá tó ìdajì DESIGN CAPACITY (iná tí wọ́n ṣe é láti gbà), bátìrì yẹn ti gbó, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má sì gba ojú (screen) 1366×768. 1920×1080 ló dára fún kóòdù.