Páálí wáìnì blackberry tí mo rà ní £42, ẹ má gba ìwé inú ẹ̀ gbọ́ o

Lápá ibi tí mò ń gbé ní Abbey Wood ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, tí oṣù Ògọ́sì bá ti ń parí lọ báyìí, blackberry máa ń so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà débi pé ẹyẹ ò lè jẹ ẹ́ tán, ẹ kàn máa gbé ike dání ni kẹ́ẹ máa já a, ẹ ṣáà ti wọ aṣọ alápá gígùn torí ẹ̀gún. Lọ́dún tó kọjá mo já tó kílò 6, a jẹ ẹ́ títí, mo fi ṣe jáàmù, ó ṣì kù rẹpẹtẹ. Bí mo ṣe lọ ra páálí pọntí-fúnra-ẹ nìyẹn, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ ọtí, £42. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Ike ńlá onídèérí wà nínú ẹ̀, àti ṣágo onígíláàsì tó ń gba lítà 4.5, róbà tí wọ́n fi ń dí i lẹ́nu, airlock (nǹkan kékeré orí róbà yẹn tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ọtí jáde, tí ti ìta ò ní lè wọlé), páìpù róbà tí wọ́n fi ń fa ọtí, hydrometer, àpò asẹ́, ìwúkàrà, àtàwọn oògùn kéékèèké mélòó kan. Ìgbà tí mo rí ṣágo yẹn ẹ̀rín pa mí, torí irú ẹ̀ gan-an ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹmu ni wọ́n máa ń rọ sí tiwọn.

Hydrometer ni mo fẹ́ràn jù. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tẹ́ẹ bá fi sínú omi èso tó ní ṣúgà ó máa léfòó, bí ṣúgà yẹn bá ṣe ń di ọtí lòun náà á máa rì wálẹ̀. Tèmi bẹ̀rẹ̀ ní 1.085, ó dúró sí 0.996. Ẹ yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó tóbi, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 131, agbára ọtí yín nìyẹn, tèmi jẹ́ bíi 11.7 nínú 100. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Milton Keynes ní òun ò nílò hydrometer, ó kàn rí i pé ọtí ò hó mọ́, ó rọ ọ́ sígò, ó fi kọ́ọ̀kì dí i pa. Àṣé ṣúgà ṣì wà níbẹ̀ tó ń di ọtí, afẹ́fẹ́ ẹ̀ ò sì rọ́nà jáde. Lóru ọjọ́ kan ìgò 3 bú gbàmù nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọkọ ẹ̀ rò pé olè ló wọlé.

Wàyí o, ìwé inú páálí. Wọ́n ní kí n da ṣúgà kílò 1.5 sí èso kílò 2. Ó ti pọ̀ jù jàre, ìwúkàrà á jẹ ẹ́ títí á fi rẹ̀ ẹ́, ọtí á wá dùn bí omi ṣúgà, gíráàmù 900 ni mo lò. Wọn ò sọ pé kéèyàn fi àyè sílẹ̀ lókè ṣágo, mo rọ ọ́ kún dé ọrùn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìfófòó ti gba inú airlock jáde, ó ti dé ògiri kíṣìnnì onílé. Ẹni tó bá mọ aró á mọ nǹkan tí mò ń sọ, mo fọ̀ ọ́ títí, ọ̀dà ni mo padà rà. Àpò asẹ́ wọn ya lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aṣọ tí mo fi ń sẹ́ ògì ni mo fi sẹ́ ẹ, ó dẹ̀ ṣe é ju tiwọn lọ.

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni pé wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 4 ó ti di mímu. Irọ́ ni! Ní ọ̀sẹ̀ 4 ó kan bí omidùn ọjọ́ kẹfà, ó ń ta mí lọ́fun, mo fẹ́ dà á nù. Ẹmu ló máa ń di ọtí lójú ẹsẹ̀, kí ẹlẹ́mu tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ ló ti ń hó. Blackberry ò rí bẹ́ẹ̀. Mo gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn, mo ń fà á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ní oṣù méjì méjì, ó tó oṣù 8 kó tó tòrò tó wá ń dùn lẹ́nu.

Tẹ́ ò bá ní nǹkankan nílé, ẹ rà á, torí ṣágo àti hydrometer yẹn. Róbà ẹnu ṣágo tèmi ò bá a mu, mo ya fọ́tò ránṣẹ́, lọ́jọ́ 3 òmíràn ti dé, ìwúkàrà 2 tún wà lórí ẹ̀, mo gbóríyìn fún wọn níbẹ̀ yẹn. Ẹ ṣáà má gbàgbé pé tẹ́ẹ bá lo Campden, ìyẹn oògùn oníhóró tó ń pa kòkòrò inú omi èso, ẹ dúró wákàtí 24 kẹ́ẹ tó da ìwúkàrà sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa pa á. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ásímà nílé yín, kó ṣọ́ra, nǹkan inú Campden yẹn lè mú un.

Àmọ́ páálí sloe gin tí wọ́n ń tà ní £25, ẹ sá fún un! Sloe ni èso dúdú kékeré orí igi ẹlẹ́gùn-ún yẹn, tẹ́ẹ bá jẹ ẹ́ ní tútù, ẹnu yín á fún pọ̀ bí ìgbà téèyàn jẹ káṣú tí ò pọ́n. Mo ṣí páálí, ìgò, ṣúgà, lébẹ̀ẹ̀lì. Kò sí sloe, kò sí jíìnì. Ìyá oyinbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló là mí lójú: sloe gíráàmù 450, ṣúgà gíráàmù 225, jíìnì ìgò 70cl kan tí ò wọ́n, inú ìgò èyíkéyìí tó lẹ́nu gbòòrò. Wọ́n ní láyé àtijọ́ wọ́n máa ń dúró kí ìrì dídì bọ́ sórí ẹ̀ kí wọ́n tó já a, kí awọ ẹ̀ lè là, ní báyìí fíríṣà ló ń ṣe é. Mo ń mì í lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, mo gbé e sókùnkùn fún oṣù 3, ó pọ́n bíi dòdò… rárá, bíi sobo ni. Ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó ní paraga oyinbo rèé. Kò kúkú parọ́, wọ́n rẹ nǹkan sínú ọtí líle náà ni, tiwọn ò kàn sọ pé ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí.

Àbúrò bàbá mi gbọ́, wọ́n pè láti Ìjẹ̀bú, wọ́n ní ṣé mi ò wá lè sè é di ọ̀gógóró ni. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà. Níbí, wáìnì tẹ́ẹ ṣe nílé fún ẹnu ara yín ò ní wàhálà, ẹ ò ṣáà ní tà á láìgbàṣẹ, àmọ́ kéèyàn gbé ìkòkò kaná kó máa sè ọtí líle láìní láísẹ́ńsì, òfin ò gbà á.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn gba páálí sloe gin padà, wọ́n fún mi ní voucher, mo fi ra ṣágo kejì. Ọ̀pẹ̀yìnbó 3 tí mo rà ní Woolwich ló wà nínú ẹ̀, ó ń dún gbulu gbulu lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, mo dẹ̀ fi àyè sílẹ̀ lókè lọ́tẹ̀ yìí.