Google Keep lọ́wọ́ alásè: oṣù mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń gbé e lọ sí ọjà Bódìjà

Ewé eéran ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Sátidé ni, níbi ìnáwó òkú àgbà kan ní Mọ́níyà. A ti lọ ẹ̀wà kóńgò mẹ́jọ, ata, àlùbọ́sà àti òróró ti wọ inú rẹ̀, omi ti ń hó nínú ìkòkò méjì. A wá nawọ́ sí ewé tí a ó fi pọ́n igba mọ́ínmọ́ín, kò sí ewé. Mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ o. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé kan tí mo ya nínú jọ́tà, lábẹ́ fọ́ìlì. Òróró ti ta sí ibẹ̀, etí ìwé náà sì ti ká, n kò rí ìlà yẹn rárá nígbà tí mo ń nájà. Ọ̀rá tí a fẹ́ fi di oúnjẹ fún àwọn tó máa gbé e lọ sílé la padà fi pọ́n mọ́ínmọ́ín náà.

Àkọ́bí olóògbé, obìnrin tó ti dàgbà gan-an, wá wo abọ́ náà, ó ní, "Ọmọ mi, màámi ò jẹ mọ́ínmọ́ín inú ọ̀rá rí." Kò pariwo, kò yọ kọ́bọ̀ nínú owó mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí délé, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Ọmọọṣẹ́ mi àgbà ló fi Google Keep, áàpù tí èèyàn fi ń kọ nǹkan sílẹ̀, sórí fóònù mi lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Ọ̀fẹ́ ni, àdírẹ́sì Gmail nìkan ló ń béèrè. Ó ti wà láti 2013, kò sì sí ohun tó le nínú rẹ̀: ẹ ṣí i, ẹ sọ fún un pé ohun tí ẹ fẹ́ kọ ní àpótí níwájú, ẹ wá máa kọ ohun kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ tẹ àpótí rẹ̀, ìlà á gba àárín ọ̀rọ̀ náà kọjá, á sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Èyí tí ẹ kò tíì rà nìkan ló máa kù lókè. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí á mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn nínú: káàdì alájọ, àpótí 31, kí báírò máa tẹ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí oṣù fi pé. Ìyá tó bí ìyá mi kò kàwé, èédú ni wọ́n fi ń fa ìlà sára ògiri ilé ìdáná, ìlà kan fún kóńgò gàrí kọ̀ọ̀kan tí èèyàn gbà láwìn. Tí onítọ̀hún bá san án, wọ́n á fi omi nù ún kúrò. N kò rí ẹni tó rẹ́ wọn jẹ.

Ohun tó yí iṣẹ́ mi padà gan-an ni pé èèyàn lè fi ìka gbé ìlà kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Nígbà tí mo ń lo ìwé, bí nǹkan ṣe ń sọ sí mi lọ́kàn ni mo ń kọ ọ́: ìrẹsì, iyọ̀, ẹran, fọ́ìlì, ata. Tí mo bá dé ọjà, màá lọ síwá sẹ́yìn títí ẹsẹ̀ á fi wú, owó alábàárù á sì di ìlọ́po méjì. Ní báyìí, ọ̀nà tí mo máa gbà rìn ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó wúwo tí kì í bàjẹ́ ló máa ń ṣíwájú, Ọjọ́rú ni mo máa ń rà wọ́n: àpò ìrẹsì, ẹ̀wà, gálọ́ọ̀nù òróró lítà 25, iṣu. Ohun tó máa wà lókè nínú ọkọ̀ kí nǹkan má baà tẹ̀ ẹ́ fọ́ ló máa ń kẹ́yìn: tòmátì, tàtàṣé, rodo, ẹ̀fọ́. Tí ìnáwó bá pọ̀, ìdájí Jímọ̀ la máa ń lọ wá ata ní ọjà Ṣáṣá, nígbà tí apẹ̀rẹ̀ ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Ọjọ́ tí mo bá tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀, aago mẹ́sàn-án kì í bá mi lọ́jà mọ́.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fa ìlà kan sí ọ̀tún díẹ̀, á wọ abẹ́ èyí tó wà lókè rẹ̀. Mo kọ "Mọ́ínmọ́ín", mo kó ẹ̀wà, ata, edé, ẹyin àti ewé sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí o: bí ẹ bá tẹ àpótí olórí wọn, gbogbo ọmọ abẹ́ rẹ̀ ló máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá ẹ ti rà wọ́n tàbí ẹ kò tíì rà wọ́n. Mo ti sọ fún àwọn ọmọọṣẹ́ mi pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan olórí, ọmọ abẹ́ ni kí wọ́n máa tẹ̀.

Èèyàn méjì lè jọ máa wo ìwé kan náà lórí Keep, tí onítọ̀hún náà bá ti ní Gmail. Èmi wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́ran, ọmọọṣẹ́ mi wà lápá ibi tí wọ́n ti ń ta èlò ọbẹ̀, mo rí i tí edé sọ̀ kalẹ̀ lójú mi. Tẹ́lẹ̀, ìpè mẹ́fà mẹ́fà là ń pe ara wa: "Màámi, mo ti ra edé o, ẹ má rà á mọ́." Ṣùgbọ́n dátà gbọ́dọ̀ wà. Tí dátà kò bá sí, ó ṣì máa ṣiṣẹ́ lórí fóònù tìrẹ, ẹnì kejì ni kò ní rí ohun tí o tẹ̀ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi padà. Báyìí la ṣe ra irú ẹ̀ẹ̀mejì nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí ọjà kún débi tí ìpè gan-an kò wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yín. Mo tẹ "awo 50" láìfi àmì kankan sí i. Àwo ìjẹun ni mo ní lọ́kàn, tí a máa yá lọ́dọ̀ àwọn tó ń yá àga àti tábìlì. Awọ ni ọmọ kà, ó sì ra àádọ́ta pọ̀nmọ́, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e wá pẹ̀lú ayọ̀. Kò jẹ̀bi. Gboard, áàpù Google tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ní Yorùbá nínú àwọn èdè tí èèyàn lè yàn, mo ti yàn án, mo sì ń tẹ àmì mi báyìí, bó tilẹ̀ ń fa ọwọ́ mi sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá kọ "igba" láìfi àmì sí i, ẹ mọ̀ pé ọmọ lè mú igbá wá, ó lè mú ìgbá wá, ó sì lè béèrè pé igba kí ni.

Keep kì í ṣe ìṣírò fún èèyàn. Kò sí ibi tó máa ro owó pọ̀, bẹ́ẹ̀ owó ni alásè ń bá jà lójoojúmọ́. Mo máa ń kọ iye sí ẹ̀yìn ohun kọ̀ọ̀kan, màá wá fi ẹ̀rọ ìṣirò tinú fóònù rò ó lálẹ́. Oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí n rí ojú fóònù dáadáa, ọwọ́ tó ti kan ẹja tútù kò sì ṣeé fi tẹ nǹkan. Nítorí náà, ìwé ni mo ṣì ń lò nídìí iná. Mo ń fi máákà kọ iṣẹ́ òru sára páálí, mo sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara igi àtíbàbà níbi tí gbogbo wa ti lè rí i: aago mọ́kànlá, rẹ ẹ̀wà, aago kan, bọ ẹran, aago méjì, bó ẹ̀wà, aago mẹ́ta, lọ̀ ọ́, aago mẹ́rin, pọ́n mọ́ínmọ́ín, aago márùn-ún, dín ata. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ló máa fa ìlà sí i, kì í ṣe èmi.

Mo fún Keep ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tó ń se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan fún ọkọ àti ọmọ mẹ́ta, jọ́tà ti tó o. Ṣùgbọ́n tí ìnáwó bá ń pè yín lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ẹ kọ odidi ìwé kan sínú Keep fún èèyàn 300, ẹ fi í pamọ́, kí ẹ máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ìnáwó kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà náà ni kí ẹ dín kù tàbí kí ẹ fi kún. Lórí tèmi, ewé eéran ló ṣíwájú ohun gbogbo, ẹgbẹ̀ta ewé, ìlà tirẹ̀ sì dá wà lọ́tọ̀.