Ìyanu, Aya àti Ṣàngó ilẹ̀ Bàhíà: àwọn ìwé alálàwòrán tó tó owó tí wọ́n ń tà á

Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi bo ọ̀rọ̀. Ẹ ṣí ìwé náà sí ibikíbi láàárín, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwọn róbótó funfun tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sí, kí ẹ wá wo àwòrán nìkan fún bí ojúewé mẹ́rin. Bí ẹ bá lè sọ ẹni tó ń bínú, ẹni tó ń purọ́, ibi tí wọ́n wà àti ohun tó ṣẹlẹ̀ láti inú àpótí àwòrán kan sí èkejì, ayàwòrán yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ di rúdurùdu nígbà tí ọ̀rọ̀ kò sí, ìtàn lásán ni wọ́n kọ, wọ́n kàn lẹ àwòrán mọ́ ọn lára ni. Ẹ má ra irú rẹ̀, bó ti wù kí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ máa dán tó.

Àwọn ìwé tí a fẹ́ gbà yín níyànjú láti rà yìí yege ìdánwò náà. Láti ọdún 2005 síwájú ni wọ́n jáde, ilẹ̀ wa tàbí ẹ̀jẹ̀ wa sì ń bẹ nínú wọn.

"Iyanu: Child of Wonder" ni kí á fi ṣáájú. Roye Okupe ló kọ ọ́, Godwin Akpan ló ya á, ilé-iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú YouNeek Studios, ilé-iṣẹ́ tí Okupe dá sílẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni apá kìíní jáde, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Ọmọ òrukàn ni Ìyanu, kò rántí ibi tó ti wá, àfi bó ṣe ṣàdédé rí i pé agbára kan ń bẹ lára òun, irú èyí tí wọ́n máa ń pa nítàn nípa àwọn òrìṣà ayé àtijọ́. Ìlú Elu tí ọ̀rọ̀ náà dá lé kò sí lórí máàpù kankan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo aṣọ wọn, ìlẹ̀kẹ̀ wọn àti orúkọ wọn yóò mọ ilé tí wọ́n ti yá a.

Iṣẹ́ Akpan ló gbé ìwé yìí dúró. Ó ń kun àwọ̀ bí ẹni tó ń ṣe fíìmù: ìmọ́lẹ̀ máa ń gba ẹ̀yìn ènìyàn wọlé, igbó máa ń jinlẹ̀ sẹ́yìn ní ìpele ìpele, ojú ọmọ náà sì máa ń ṣàlàyé ẹ̀rù kí ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu rẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu nígbà tí ìtàn náà di ti orí tẹlifíṣọ̀n, tó bẹ̀rẹ̀ lórí Cartoon Network ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2025. Ọmọ tó bá ti wò ó níbẹ̀ ni ìwé yìí máa bá lára mu jù, pàápàá láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ sókè. Àléébù rẹ̀ ni pé àlàyé pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kí ìrìn àjò náà tó gbéra, wọ́n ti ka ìtàn ayé àtijọ́, ti ègún àti ti àwọn ẹ̀dá tó bàjẹ́ síni létí, ọmọ tí kò ní sùúrù sì lè ju ìwé sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ bá a ka ìwọ̀nba ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Nǹkan kejì: ìtàn àtẹ̀léra ni, apá kìíní kò parí síbì kankan. Ẹ má ra ọ̀kan ṣoṣo fún ọmọ kí ẹ sì rò pé ó ti parí, ẹkún ló máa fi béèrè èkejì.

Ibi tí ìwé yìí ti ń dùn wá ni orúkọ. Obìnrin tó tọ́ Ìyanu dàgbà ń jẹ́ Olori, wọn kò sì fi àmì ohùn kankan sí i. Ṣé olorì ni, ìyàwó ọba, àbí olórí, ẹni tó ń ṣíwájú? Ààfin ni ọ̀kan ń sọ, àṣẹ ni èkejì ń sọ. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní mọ̀ pé ìbéèrè kan wà níbẹ̀. Àwa tí a ni orúkọ náà ni yóò máa dúró lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe obìnrin náà.

Kì í kúkú ṣe àìbìkítà nìkan ló ń fa irú èyí. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé alálàwòrán, ìlà kan sì máa ń sún mọ́ èkejì pẹ́kípẹ́kí kí ọ̀rọ̀ lè gba inú róbótó. Bí ẹ bá gbé àmì lé orí lẹ́tà ńlá, àmì náà á lọ gún ìdí ìlà tó wà lókè rẹ̀. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ní ààyè kan fún Ọ, ó ní ààyè kan fún Ó, ṣùgbọ́n kò sí ààyè kan ṣoṣo fún Ọ́ tó ru méjèèjì. Ó di dandan kí fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì òkè lé lẹ́tà tó ti ní tìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún ìwé alálàwòrán kò mọ̀ ọ́n: á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ayàwòrán tó ń sáré á wá yọ gbogbo rẹ̀ dànù.

Ó ṣeé tún ṣe. Ẹni tó bá ń múra àtitẹ ìwé alálàwòrán ní Yorùbá, kó kọ́kọ́ kọ Ọ̀ṢỌ́Ọ̀SÌ àti Ẹ̀GBẸ́ ní lẹ́tà ńlá, ìlà méjì léra, kó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní ìwọ̀n gan-an tí ìwé náà máa jẹ́. Bí àmì bá ń gún ara wọn, kó lo lẹ́tà kékeré, kó fẹ àlàfo àárín ìlà sí i, kó má sì kó ju bí ogún ọ̀rọ̀ lọ sínú róbótó kan. Fọ́ǹtì Charis SIL àti Noto Sans máa ń gbé àmì wa dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Ìwé ìròyìn Atọ́ka ti fi fọ́tò àwọn òṣèré tíátà sọ ìtàn fún wa ní Yorùbá ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, àwọn èèyàn sì ń du ú rà. Ìdí tí ìran yìí kò fi ní rí irú rẹ̀ kà kò yé wa.

Láti ọ̀dọ̀ Okupe kan náà, "Malika: Warrior Queen" tí Chima Kalu yà wà fún àwọn tó fẹ́ ogun àti ọ̀tẹ̀ ààfin, ó nípọn, ó lé ní 300 ojúewé. "E.X.O.", ìtàn akọni kan tó ń jẹ́ Wale Williams, dára fún ọmọkùnrin tó fẹ́ràn ẹ̀rọ àti ìjà, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀ tó Ìyanu.

Ìwé Aya wá ni ti àgbà. Marguerite Abouet tí wọ́n bí sí Abidjan ló ń kọ ọ́, Clément Oubrerie láti ilẹ̀ Faransé ló ń yà á. Apá kìíní jáde ní Faransé ní 2005, ó sì gba ẹ̀bùn ìwé àkọ́kọ́ tó dára jù ní Angoulême, àjọ̀dún ìwé alálàwòrán ilẹ̀ Faransé, lọ́dún tó tẹ̀lé e. Wọ́n dáwọ́ dúró lẹ́yìn apá kẹfà ní 2010, àfi ní 2022 tí apá keje ṣàdédé yọjú. Drawn & Quarterly ní Kánádà ló tẹ ti Gẹ̀ẹ́sì: "Aya: Claws Come Out", ìyẹn apá keje, jáde ní 2024, "Aya: Face the Music" sì tẹ̀lé e ní 2025.

Àdúgbò Yopougon ní Abidjan ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti 1978. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Èjìgbò mọ ọ̀nà Abidjan bí ẹní mowó, ìwé yìí sì máa dà bí lẹ́tà láti ilé fún un. Kò sí ogun níbẹ̀, kò sí ebi tí wọ́n fi ń ṣàánú ẹni. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni: Aya tó fẹ́ di dókítà, Bintou àti Adjoua tí ijó ń pè. Apá kìíní ní ibì kan tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí àwọn ìyá ọlọ́jà ti palẹ̀ mọ́, orí tábìlì ọjà tó ṣófo ni àwọn olólùfẹ́ máa ń lọ pàdé. Wọ́n ń pè é ní òtẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́gbẹ̀rún ìràwọ̀. Oubrerie pa àwọ̀ ọ̀sán rẹ́ pátápátá níbẹ̀, ó fi àwọ̀ òru bo gbogbo rẹ̀, òjìji ènìyàn nìkan ló kù. Ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n wà.

Àpótí mẹ́fà ló sábà máa ń pín ojúewé sí, méjì méjì lọ́nà mẹ́ta. Ó dà bíi pé ó máa sú ni, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí àwàdà rẹ̀ délẹ̀: èèyàn kan sọ̀rọ̀ nínú àpótí kìíní, ojú ìyá rẹ̀ dáhùn nínú èkejì. Nínú apá keje, Aya ti ń kọ́ṣẹ́ ní Solibra, ilé-iṣẹ́ ọtí tí ìpolówó rẹ̀ ṣí apá kìíní, Innocent ń sá kiri Paris láìní ìwé ìgbélùú, àwọn èèyàn sì ń bú Bintou ní ìgboro nítorí ipa burúkú tó kó nínú eré tẹlifíṣọ̀n. Àwa tí a mọ bí wọ́n ti ń ṣe òṣèré tó bá ṣe ìyá ọkọ burúkú nínú fíìmù, a mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti apá keje. Orúkọ á pọ̀ jù fún yín, ẹ ò sì ní mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ń bínú. Ẹ wá "Aya: Life in Yop City", tó kó apá 1 sí 3 pọ̀, lẹ́yìn náà "Aya: Love in Yop City", tó kó 4 sí 6. Ẹ̀yìn ìwé náà ní àlàyé bí wọ́n ṣe ń ró aṣọ àti bí wọ́n ṣe ń po omi atalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gnamankoudji. Ẹ má fò ó. Oyún, àlè àti irọ́ baálé ilé kún inú rẹ̀, nítorí náà ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sókè ni kí ẹ fún.

Kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ wo bí wọ́n ṣe di ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wo òkè ẹ̀gbẹ́ ìwé níbi tí àwọn ojúewé ti pàdé: bí ẹ bá rí i pé wọ́n ká bébà ní ìdì ìdì, tí òwú sì hàn láàárín ìdì kan, rírán ni, ó máa pẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí gọ́ọ̀mù nìkan dì í mú, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án, nítorí ooru máa ń rọ gọ́ọ̀mù, ọyẹ́ á sì mú kó sán. Gọ́ọ̀mù náà ló ń fa kí àwòrán tó gba ojúewé méjì rì sí àárín. Ẹ ṣí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wò: bí ojú ènìyàn bá bọ́ sínú àlàfo náà, ilé ìtẹ̀wé ló kùnà.

Kíkà lórí fóònù ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Ojúewé ìwé Amẹ́ríkà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 17, fóònù kò ju bí 7 lọ. Lẹ́tà á kéré ju ìdajì bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Àwọn ètò ìkàwé bíi Kindle lè máa gbé àpótí kọ̀ọ̀kan tóbi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dára fún Aya tí àpótí rẹ̀ dọ́gba. Kò dára fún Ìyanu, níbi tí Akpan ti máa ń fi odidi ojúewé ṣe àwòrán kan nígbà mìíràn. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi ka ìyẹn.

Ẹ̀kẹta ti Bàhíà ní Brazil wá. Hugo Canuto, ọmọ Salvador, ló ṣe "Contos dos Orixás". Ní 2016, ó tún èèpo iwájú ìwé Avengers àtijọ́ kan, ìwé àwọn akọni Amẹ́ríkà, yà láti fi bọlá fún Jack Kirby, ayàwòrán rẹ̀, ó kó àwọn òrìṣà sí ipò àwọn akọni náà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n dáwó jọ kí ó lè sọ ọ́ di odidi ìwé. Kirby wà lára àwọn tó fi Thor, òrìṣà ààrá àwọn ará àríwá Yúróòpù, sínú ìwé alálàwòrán. Ó sì ní ọ̀nà kan tó fi máa ń ya agbára, ìyẹn ni kíkó àmì dúdú róbótó kéékèèké ṣù jọ yí ìmọ́lẹ̀ ká. Canuto gba ọ̀nà yẹn fún ààrá Ṣàngó, ó sì bá a mu ju bó ti bá Thor mu lọ.

Èdè Potogí ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn lé yín sá. X wọn ni ṣ wa: Xangô ni Ṣàngó, Oxum ni Ọ̀ṣun, Oxóssi ni Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ọya náà ni wọ́n ń pè ní Iansã. Ẹ ka orúkọ náà sókè ketekete, ẹ ó gbọ́ ọ. Ojú tí wọ́n fi ń wo òrìṣà ní Bàhíà yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Ọ̀yọ́, ẹ má lò ó bí ìwé ìtàn Ọ̀yọ́.

Ẹni tí Brazil bá wù kó lọ jìnnà sí i, kó wá iṣẹ́ Marcelo D'Salete. "Cumbe" rẹ̀ gba ẹ̀bùn Eisner, ẹ̀bùn ìwé alálàwòrán ti Amẹ́ríkà, ní 2018 nínú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "Angola Janga" sì fi ohun tó lé ní 400 ojúewé, dúdú àti funfun nìkan, sọ ìtàn Palmares, ibi tí àwọn ẹrú tó sá lọ tẹ̀dó sí. Ti àwọn ará Àǹgólà ni, kì í ṣe tiwa. Àpótí lè tẹ̀lé àpótí láìsí ọ̀rọ̀ kankan, ẹ kò sì ní nílò àtẹ́lẹwọ́ láti dán an wò. Pàṣán àti ìbọn inú rẹ̀ kò bo ara rárá. Orí pẹpẹ tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó ni kí ẹ gbé e sí.