Ẹ̀kọ́ Ọlọ́sẹ̀ Mẹ́fà Lórí Ìrètí: Ohun Tí Mo Rí Níbẹ̀

Mo san 12,000 náírà fún ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó dá lé ohun tí Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlùjéríà lónìí, kọ́ni nípa ìrètí. N kò kábàámọ̀ owó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà.

Bí àwọn Goth, ẹ̀yà jagunjagun kan, ṣe kó ìlú Róòmù ní ọdún 410 ni olùkọ́ náà ń sọ ṣáá, bí ẹni pé ìrètí kò ju kí ènìyàn kẹ̀yìn sí ayé tó ti bàjẹ́, kí ó máa wòkè. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni a tó gbọ́ pé Augustine rí ewu ní ìhà méjèèjì: ẹni tó sọ ìrètí nù ń ṣègbé, ẹni tó sì gbójú lé àánú Ọlọ́run láìyí ìwà padà ń ṣègbé bákan náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin nìkan tó owó tí mo san. Macedonius, ìjòyè àgbà tó ń bójú tó Áfíríkà fún ìjọba Róòmù, ti béèrè ìdí tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀daràn tí a ti dá lẹ́bi. Augustine kọ lẹ́tà fèsì pé ilé ayé yìí nìkan ni ènìyàn ti lè tún ìwà rẹ̀ ṣe, nítorí náà ẹni tí a bá pa ti pàdánù àyè yẹn. Kò ní kí adájọ́ ju idà sílẹ̀, torí ó gbà pé ìbẹ̀rù òfin wúlò, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí adájọ́ rántí pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni òun náà. A jiyàn lórí lẹ́tà yìí títí àkókò fi kọjá, olùkọ́ kò sì dá wa dúró.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ó fi sọ ti nǹkan bí 120 ènìyàn tí ìjọ Hippo gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú kí wọ́n tó kó wọn sọdá òkun. Èyí dùn mí, nítorí ó yẹ kí àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe gba Àjàyí Crowther sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní ọdún 1822 gbọ́ ọ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ṣàtúnṣe ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ mú wa rò, pé ìrètí kò kan ayé yìí. Àdúrà Olúwa ni Augustine fi ṣàlàyé ìrètí: nínú ẹ̀bẹ̀ méje, mẹ́ta jẹ́ ti ayérayé, mẹ́rin sì jẹ́ ti ayé yìí, oúnjẹ òòjọ́ wà lára wọn. Bí wọ́n bá tún ṣe ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹni tí kò ráyè wọlé láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Fídíò ti ìṣáájú ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.